Àwo Orin Prog Márùn-ún: Èwo Ló Bá Yín Mu, Èwo Ni Kí Ẹ Fi Sílẹ̀ Ná?

Ní ìparí ọdún 1973, ẹgbẹ́ olórin Yes, tó ń ṣe orin tí wọ́n ń pè ní prog, ń rìn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe orin inú àwo wọn tuntun, Tales from Topographic Oceans, fún àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n dé Manchester, Rick Wakeman tó ń tẹ dùùrù fún wọn jẹun lórí ìtàgé. Wọ́n gbé kọ́rì Íńdíà wá bá a láàárín àwọn dùùrù rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ bí àwọn yòókù ti ń bá orin lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí: iṣẹ́ tó wà fún un nínú orin náà kò pọ̀, orin náà sì ti sú u. Lọ́dún 1974 ó kúrò nínú ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwo yìí gba ipò kìíní lọ́jà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Tí orin bá lè sú ẹni tó ń ṣe é, tí àwọn olùgbọ́ sì ń dù ú rà, kí ló dé tí a ó fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́? Àwọn kan gbọ́ orin yìí, omi bọ́ lójú wọn. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn ọmọ iléèwé ló ń fi ìmọ̀ ṣe fáàrí. Lójú tèmi, ìrántí ló wà nídìí ìjà náà. Irú orin yìí máa ń ju ohùn kan sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó má tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ á fi kọjá. Ẹni tó bá ṣì rántí ohùn yẹn, orí rẹ̀ á wú nígbà tó bá padà dé. Ẹni tí kò bá rántí, ariwo lásán ló ń gbọ́, kò sì parọ́. Ìrántí ọ̀hún kì í wá ní gbígbọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹ tó yan àwo kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ iye àkókò tí ẹ lè yọ̀ǹda.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá: progressive rock, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gé kúrú sí prog, bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí àwọn ọdún 1960. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá rock kó orin ṣọ́ọ̀ṣì, orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù àti jazz mọ́ tiwọn, wọ́n fà á gùn, wọ́n sì ń yí ìlù rẹ̀ padà léraléra. Orin kan lè gba ojú àwo kan tán, bí 20 ìṣẹ́jú. Nígbà tó fi máa di 1976 àti 1977, àwọn ọmọ punk, tí orin rock tiwọn kúrú tó sì rọrùn, dé, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Johnny Rotten ti ẹgbẹ́ Sex Pistols wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ olórin Pink Floyd tó ti kọ ọ́ sí lára pé òun kórìíra wọn. Ìjà náà kò tíì tán dòní.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni àkókò: báwo ni orin náà ṣe gùn tó, báwo ló sì ṣe máa pẹ́ tó kó tó fún yín ní nǹkan tí ẹ lè dì mú. Gígùn nìkan kò lè lé ọmọ Yorùbá. Nínú àwo Fela ti àwọn ọdún 1970, orin kan ló sábà máa ń gba ojú àwo kan, jùjú King Sunny Adé náà sì máa ń lọ láìdúró títí abẹ́rẹ́ á fi dé ìparí. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní orin líle.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ìlù, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Etí wa kò ṣàjèjì sí ìlù tó díjú. Ẹni tó bá ti jó bàtá mọ̀ pé ìlù mẹ́ta lè máa sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ nínú orin tiwa, agogo kì í yẹsẹ̀. Kónkóló á máa yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ oníjó á sì mọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Prog máa ń yọ agogo yẹn kúrò. Ó lè máa ka 7 (ìyẹn ẹyọ ìlù méje kí ìyípo kan tó parí), kó bọ́ sí 4, kó tún di 9, láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ní kò ṣeé jó kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, nítorí kò ṣeé jó lóòótọ́. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ẹ lè jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà ni ohùn àti ọ̀rọ̀: ṣé ẹ lè fi imú kọ ọ́ nínú bálùwẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ orin náà ní orí àti ìdí? Mo tún wo bóyá àwo náà ní ibi tó ti ń rọ̀ jọwọlọ, torí àwo tó dùn ní ìdajì tó sì súni ní ìdajì kì í jẹ́ kéèyàn padà sídìí òun.

Owó ló kẹ́yìn. Lórí áàpù orin, iye kan náà ni gbogbo wọn. Dátà ló ń náni. Tí ẹ bá fi ohùn tó mọ́ dáadáa, 320 kbps, gbọ́ àwo oníṣẹ́jú 43, á jẹ bí 100 MB. Tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 96 kbps, bí 30 MB ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán lẹ máa gbọ́ àwo kan kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó bá yín lára mu, nítorí náà ẹ yáa gbà á sórí fóònù níbi tí Wi-Fi bá wà. Áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ti ìpolówó bọ àárín orin kan àti èkejì, tàbí tó ń dà wọ́n rú, máa ń ba àwọn àwo yìí jẹ́ pátápátá.

Pink Floyd, The Dark Side of the Moon (1973)

Èyí ni àwọn olùgbọ́ kì í jà lé lórí púpọ̀. Ó wà lórí àtẹ Billboard, tó ń to àwọn àwo tó ń tà jù, ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 741 láàárín ọdún 1973 sí 1988. Àwọn ògbójú prog kan tilẹ̀ ní kì í ṣe prog gidi, pé ó ti rọrùn jù. Mo gbà pé ó rọrùn. Mi ò gbà pé àléébù ni.

Ohun tó mú un rọrùn ni pé ìlù rẹ̀ máa ń rọra lọ, mẹ́rin-mẹ́rin, èèyàn á sì mọ ibi tó wà. "Money" nìkan ló ṣe bí ẹni fẹ́ dààmú yín: ó ń ka 7. Ẹ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ láti ìgbà tí gìtá béèsì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ óò rí i pé ẹsẹ̀ yín ń pàdánù ẹyọ kan ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí David Gilmour wá fẹ́ ta gìtá tirẹ̀, wọ́n dá ìlù padà sí 4, gbogbo nǹkan sì tú sílẹ̀ bí ẹni tó bọ́ bàtà tó fún un. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn olólùfẹ́ prog ń rí nínú ìlù tó ń yí padà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ ọ, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́fà àtàbọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yé ọmọdé: àkókò tó ń lọ, owó, ikú, orí tó ń dàrú. Ibi tó ti rọ̀ ni "On the Run", níbi tí ẹ̀rọ kan ń yí gbirigbiri tí kò sì sí ohùn orin kankan láti dì mú. Ẹ̀yin tó ń lo íápíìsì, ẹ dín ohùn kù kí "Time" tó bẹ̀rẹ̀, torí ogunlọ́gọ̀ aago ló máa dún lẹ́ẹ̀kan náà. Orin kan so mọ́ èkejì ni jálẹ̀ àwo yìí, òun sì ni ìpolówó ń bà jẹ́ jù.

King Crimson, In the Court of the Crimson King (1969)

Orin márùn-ún, bí ìṣẹ́jú 44. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwo yìí ló la ọ̀nà fún gbogbo àwọn tó kù. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ "Power" tí Kanye West gbé jáde lọ́dún 2010 ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ láìmọ̀, torí inú "21st Century Schizoid Man" ló ti gé ohùn wá.

Orin àkọ́kọ́ yẹn ló ń pín àwọn èèyàn sí méjì láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fi ẹ̀rọ ba ohùn olórin jẹ́, sáksófóònù àti gìtá ń ké pọ̀, àárín rẹ̀ sì yára débi pé ẹ máa rò pé ẹnì kan ń lé wọn. Ẹni tó bá pa á níbẹ̀ pàdánù púpọ̀, nítorí orin kejì jẹ́ fèrè àti ohùn jẹ́jẹ́ tó lè gbé ọmọ sùn. "Epitaph" tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù: orin ọ̀fọ̀ gbáà ni, Greg Lake, olórin wọn, sì kọ ọ́ láìṣe àṣejù. Ìró gòjé tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe gòjé. Mellotron ni, dùùrù kan tí wọ́n fi téèpù sábẹ́ ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ á dún.

"Moonchild" ni ìṣòro àwo yìí. Ó tó ìṣẹ́jú 12. Orin gidi inú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì àtàbọ̀ lọ, ìyókù jẹ́ pé wọ́n ń fọwọ́ kan ohun èlò níhìn-ín lọ́hùn-ún láìsí ìlànà. Àwọn kan ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ dùn mọ́ àwọn. Ẹ fò ó nígbà àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó máa mú yín.

Yes, Close to the Edge (1972)

Orin mẹ́ta péré ló wà nínú àwo yìí, ìṣẹ́jú rẹ̀ kò sì tó 38. Tí ìjà àwọn olùgbọ́ prog bá ní ojúko, ibí ni.

Orin tó ni àkọlé àwo náà gba ìṣẹ́jú 18 ó lé. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ẹyẹ àti omi tó ń ṣàn, ẹ rò pé àlàáfíà ni; lójijì gbogbo ẹgbẹ́ bú jáde, gìtá Steve Howe ń sáré síhìn-ín, béèsì Chris Squire ń sáré sọ́hùn-ún, bíi pé wọn kò gbọ́ ara wọn. Níbi yìí ni ìdajì àwọn tó ń gbọ́ ọ máa ń sá. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ohùn orin kan tó mọ́ kedere jáde láti inú rúdurùdu náà, òun ni kí ẹ fi sọ́kàn. Wọ́n á mú un yára, wọ́n á fà á, wọ́n á fi ohùn tó yàtọ̀ gbé e. Ní àárín, ohun gbogbo rọlẹ̀, ohùn àwọn olórin ń dáhùn ara wọn, lẹ́yìn náà ni dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì gidi bú jáde; ìjọ St Giles-without-Cripplegate ní London ni Wakeman ti lọ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ohùn àkọ́kọ́ bá padà dé ní ìparí, tó ti tóbi ju bó ṣe lọ, ẹni tó dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ á mọ ìdí tí ó fi jókòó. Ẹni tó ń fọ abọ́ lọ́wọ́ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀sùn àwọn tó kórìíra rẹ̀ lágbára. Wọ́n ní ohùn Jon Anderson tín-ín-rín jù, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nítumọ̀. Lórí ti ọ̀rọ̀, wọn kò jìnnà sí òótọ́. Siddhartha, ìwé Hermann Hesse, ló gbé èrò orin náà wá, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti dún létí ni Anderson fi ń yàn án, kì í ṣe bí yóò ti yéni. Ẹni tó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí olórin ń sọ, orí rẹ̀ máa gbóná. Bill Bruford tó ń lu ìlù pàápàá, ọ̀nà ìṣiṣẹ́ wọn sú u, bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀ ní ègé-ègé tí wọ́n sì ń lẹ téèpù pọ̀. Bí wọ́n ṣe parí àwo náà, ó kọjá sínú King Crimson.

Bó ti wù kó rí, àwo yìí kò ní ibi tó rọ̀. "And You and I" rọrùn fún gbogbo ènìyàn, "Siberian Khatru" sì ní ìlù tó lè mú ejìká mì. Àwo sítúdíò tó tẹ̀ lé e ni Tales from Topographic Oceans, orin mẹ́rin lójú àwo mẹ́rin, ó lé ní ìṣẹ́jú 80. Ohùn tó dára wà níbẹ̀, wọ́n kàn da omi lù ú. Ẹ má fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ láéláé.

Genesis, Foxtrot (1972)

Peter Gabriel ni olórin wọn nígbà náà, Phil Collins tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn ń lu ìlù. Ìtàn ni agbára àwo yìí. "Get 'Em Out by Friday" jẹ́ eré nípa onílé tó ń lé àwọn ayálégbé jáde, tí orin sì bọ́ sọ́jọ́ iwájú níbi tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí ènìyàn má ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, kí èèyàn tó pọ̀ lè wọ inú ilé kan. Ẹni tó ti wá ilé l'Ékòó rí kò nílò àlàyé.

"Supper's Ready" ni ẹrù tó wúwo: bí ìṣẹ́jú 23, apá méje. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tọkọtaya tó jókòó nílé, ó gba inú ẹ̀fẹ̀ àti wèrè kọjá, ó sì parí sínú Ìwé Ìfihàn, pẹ̀lú Gọ́ọ̀gù àti Mágọ́ọ̀gù, 666 àti Jerúsálẹ́mù tuntun. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì máa mọ ọ̀nà níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì òde òní lọ. Apá tó ń ka 9 ló ń lé àwọn èèyàn, tí dùùrù Tony Banks ń rìn lórí ìlù tó dà bí ẹni ń tiro. Ẹ ní sùúrù fún un, torí ibi tí ìlù yẹn tú sí ló dùn jù nínú àwo náà. Ohun tí mi ò gba tiwọn ni bí Gabriel ṣe ń pa ohùn dà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí òṣèré orí ìtàgé. Nígbà mìíràn ó ń bo orin mọ́lẹ̀.

Gentle Giant, Octopus (1972)

Èyí ló máa tú àṣírí àwọn tó ní gígùn ni wọn kò fẹ́. Orin mẹ́jọ, ìṣẹ́jú 34, kò sí orin kan tó pé ìṣẹ́jú mẹ́fà, síbẹ̀ òun ló le jù nínú gbogbo wọn. Ní ti Yes, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rántí wà lẹ́yìn. Ní ti Gentle Giant, ohun gbogbo ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú "Knots", ohùn kọ̀ọ̀kan ń ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ohùn mìíràn ń gbà á, kò sí èyí tó ń kọ gbólóhùn kan tán. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: lórí àwo wọn ti ọdún 1971 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn á mú kí orin ayé òde òní gbòòrò, bó tilẹ̀ máa jẹ́ kí ọjà àwọn má tà. Ọjà náà kò sì tà tó ti àwọn ẹgbẹ́ yòókù. "Think of Me with Kindness" nìkan ni àlejò lè wọlé sí láìkan ilẹ̀kùn.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tí kò gbọ́ prog rí, tí àkókò rẹ̀ kò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ: Pink Floyd. Ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ lè fi gbogbo èyí tó kù sílẹ̀ láìsí pé nǹkan kan fò yín.

Ẹni tó fẹ́ràn orin líle, metal tàbí hip-hop tó ní ariwo, King Crimson ni tiyín. Ẹni tó ń tẹ dùùrù nínú ìjọ tàbí tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ bọ́ sí Close to the Edge, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dájọ́, kí ó má jẹ́ inú ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ju ohùn lọ ni Foxtrot wà fún. Octopus yẹ àwọn olórin fúnra wọn, àti ẹni tó máa ń tú rédíò láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohùn àwo ọdún 1969 àti 1972 máa ń kún mọ́ra lórí fóònù. Steven Wilson, tí òun náà jẹ́ olórin, tún ohùn àwo King Crimson pò lọ́dún 2009, ó sì ṣe ti Close to the Edge lọ́dún 2013. Ẹ wá èyí tó ní orúkọ rẹ̀, béèsì máa ń jáde dáadáa níbẹ̀.

Ẹni tó dàgbà pẹ̀lú Fela, tí kò sì lè fara da ìlù tó ń sá kiri, ilẹ̀kùn kan ṣì wà tí kò sí lára márùn-ún yìí. Lọ́dún 1980, ẹgbẹ́ Talking Heads ti Amẹ́ríkà gbé Remain in Light jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fi etí sí àwo Fela gan-an, Adrian Belew sì bá wọn ta gìtá nínú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó wọ King Crimson, wọ́n sì ṣe Discipline. Kò sí Mellotron níbẹ̀, kò sí orin oníṣẹ́jú 20. Gìtá méjì ni, wọ́n á jọ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan á rọra yapa títí wọ́n á fi tún pàdé, ìlù ò sì ní fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti "Frame by Frame".